Àkọsílẹ̀ fún Ìpàdé Ọjọ́bọ̀

Iná ọba lọ ní kété tí mo kọ "Ìjerò-Èkìtì, oṣù Bélú."
Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo gbé e ti ife tíì tó ti tutù.
Ojú ìwé márùn-ún ni ìjọba fún mi, ìlà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́,
kí n fi gbé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan
wọ yàrá àwọn àgbà.

Ọ̀gá mi, Ọwọ́ṣeéní, kì í pariwo.
Bíírò pupa ló fi ń sọ̀rọ̀.
Mo kọ ọ́ lánàá pé, "Ìyà ń jẹ ọmọ yìí gidigidi."
Ó fa ìlà sí i nídìí, ó kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
Ta ló rí i? Ọjọ́ wo? Mélòó ni "gidigidi"?
Inú bí mi. Mo dìde, mo lọ.
Mo tún padà wá jókòó.

Ó dáa. Èyí tí ojú mi rí nìyí.
Ní ọjọ́ kẹrìnlá, aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú,
mo bá Abíọ́nà létí kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye
lẹ́yìn ìlú. Omi mù ún dé orúnkún.
Asẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọ òkúta.
Aṣọ ilé-ìwé ló wà lọ́rùn rẹ̀.
Ìka àárín ọwọ́ òsì kò ní èékánná.
Mo fi rúlà wọn àpá ẹsẹ̀ rẹ̀: íǹṣì méjì àti díẹ̀.
Ó bi mí bóyá èmi náà ń ra òkúta.

Èyí tí mo gbọ́, ìpínrọ̀ tirẹ̀ ọ̀tọ̀.
Tíṣà Adéọ̀ṣun ṣí rẹ́jísítà hàn mí:
ọjọ́ mọ́kànlélógún, òdo ń tẹ̀lé òdo.
Aládùúgbò kan ní òun ń gbọ́ ẹkún lóru,
kí n má kọ orúkọ òun.
N ò kọ ọ́.

Èyí tí mo rò, ibí ni bíírò ti ń wúwo.
Ó ṣe mí bíi kí n kọ ọ́ pé ìkà ni Fátúnlà, àbúrò bàbá rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí òkúta já lé ọmọ lọ́wọ́,
Fátúnlà ló pọ̀n ọ́n bí abiyamọ,
láti kòtò dé ọsibítù, láìwọ bàtà.
Ó ta ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ní, ó san owó.
Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún dá a padà sí kòtò.
Mo kọ méjèèjì. Mo jẹ́ kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn,
n ò fi "ṣùgbọ́n" sáàárín.

Fọ́ọ̀mù béèrè pé: kí ni ọmọ náà sọ?
Ìlà méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.
Mo ti bi í pé níbo ló wù ú láti máa gbé.
Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí. Ó ní, "Ulé."
Mo kọ "ilé", bí wọ́n ti kọ́ wa.
Mo wò ó, mo fa igi sí i,
mo dá "u" rẹ̀ padà fún un.
Torí "ilé" lè jẹ́ ibi tó ń sùn báyìí,
páànù tó ń jò, kòtò lẹ́yìnkùlé.
Ulé tirẹ̀, Ìpotì ni, lọ́dọ̀ ìyá àgbà
tó máa ń pè é ní Àjàní kó tó bu iyán fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, ọlọ́pàá yóò jókòó, nọ́ọ̀sì yóò jókòó,
Fátúnlà pàápàá yóò jókòó, fìlà lọ́wọ́,
wọn yóò ka gbogbo rẹ̀ sókè sí i létí.
Kò gbọdọ̀ sí ìlà kan
tí yóò mú kí n wo ilẹ̀.

Tọ́ọ̀ṣì ti ń pọ́n. Àpótí kan ṣì ṣófo nísàlẹ̀:
ọ̀rọ̀ tí a kò tíì yanjú.
Mo kọ ọ́ síbẹ̀:
Ọmọ náà bi mí bóyá mò ń ra òkúta.
N kò tíì dá a lóhùn.